Bí A Ṣe Ń Tún Point Cloud Ṣe Nígbà Tí Nọ́ńbà Ibùdó àti Òṣùwọ̀n Rẹ̀ Kò Bá Bára Mu

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fi dírónù tàbí ẹ̀rọ laser wọn ilẹ̀ rí kò ní ṣàì bá ìṣòro yìí pàdé. Iṣẹ́ pápá ti parí, kọ̀ǹpútà ti ṣiṣẹ́ mọ́jú, a ti gbé fáìlì jáde, a sì ti fi í ránṣẹ́ sí ayàwòrán ilé. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán, ayàwòrán ilé ti pè pé òun ṣí fáìlì náà ṣùgbọ́n òun kò rí nǹkan kan. Nígbà mìíràn ó rí i, àmọ́ ilé alájà méjì ti kéré ju igi ìṣáná lọ. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni kí ohun gbogbo dà bí ẹni pé ó tọ́, kí ó wá hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé ògiri ọgbà tí a yà ti wọ inú ilẹ̀ aládùúgbò.

Point cloud kò ju ọ̀kẹ́ àìmọye àmì lọ, tí àmì kọ̀ọ̀kan sì ní nọ́ńbà mẹ́ta, X, Y àti Z, tí ń sọ ibi tó wà. Nọ́ńbà wọ̀nyí, tí àwọn awọnlẹ̀ ń pè ní coordinate, ni mo ń pè ní nọ́ńbà ibùdó nínú àlàyé yìí. Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá mítà ni òun tàbí ẹsẹ̀ bàtà, kò sì mọ ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ẹni tó gbé fáìlì jáde ló mọ̀ ọ́n, bí kò bá sì kọ ọ́ sínú fáìlì, ètò kọ̀ǹpútà tó bá gbà á yóò méfò.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ má ṣe fi mouse fa àwọn àmì náà, kí ẹ máa sún wọn kí ẹ sì máa fẹ̀ wọ́n títí wọn yóò fi jọ pé wọ́n bọ́ sórí àwòrán. Mo ti rí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, mo sì ti ṣe é rí. Ó máa ń dùn mọ́ni lójú ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tí fáìlì kejì bá dé láti inú ilẹ̀ kan náà, kò sí ẹni tó lè sọ iye tí a fi sún ti àkọ́kọ́ mọ́. Àṣìṣe tó wà nínú nọ́ńbà, nọ́ńbà ni a fi ń tún un ṣe.

Ẹ kọ́kọ́ ka nọ́ńbà

Ẹ jẹ́ kí a mú ilẹ̀ kan ní àárín ìlú Ìbàdàn, níbi tí ìlà ìbú ti jẹ́ bíi 7.39 ní àríwá, tí ìlà òòró sì jẹ́ bíi 3.90 ní ìlà-oòrùn. Ibì kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n ó lè wọ aṣọ púpọ̀. Bí fáìlì bá wà ní WGS 84 (ìlànà ibùdó tí GPS ń lò), UTM ìpín 31 (UTM ni ọ̀nà tí a fi pín ayé sí ìpín-ìpín kí a lè ka ibùdó ní mítà), X yóò wà nítòsí 598,900, Y yóò sì wà nítòsí 816,800. Bí ó bá wà ní Nigeria West Belt, tí ọ̀pọ̀ ìwé ilẹ̀ àtijọ́ ń lò, X yóò jẹ́ bíi 164,000, Y yóò sì jẹ́ bíi 374,600. Bí ó bá jẹ́ pé ìwọ̀n dígírì ni wọ́n fi gbé e jáde, ẹ ó rí 3.9 àti 7.4 pẹ̀lú ìrù désímà gígùn lẹ́yìn wọn. Bí ẹnì kan bá ti yí UTM padà sí ẹsẹ̀ bàtà, X yóò ti gòkè dé bíi 1,965,000, Y yóò sì lé ní 2,679,000. Bí àwọn nọ́ńbà náà bá sì kéré, tí òmíràn tilẹ̀ wà lábẹ́ òdo, a jẹ́ pé ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ni ẹ̀rọ náà yàn fúnra rẹ̀, bí ẹ̀rọ laser orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ṣe máa ń ṣe, tí ó ń ka ibi tí òun dúró sí òdo.

Láti rí àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí kò gba kí ẹ ṣí fáìlì lójú àwòrán. Ètò ọ̀fẹ́ tí ń jẹ́ PDAL yóò sọ èyí tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù fún yín pẹ̀lú àṣẹ kan:

`pdal info --summary ile_ibadan.laz`

Ẹ tún lo `pdal info --metadata` láti rí orúkọ ìlànà ibùdó tí wọ́n kọ sínú fáìlì, bí wọ́n bá kọ ọ́. Ẹni tí kò fẹ́ràn àṣẹ kíkọ lè ṣí i nínú CloudCompare, ètò ọ̀fẹ́ mìíràn tí a fi ń wo point cloud, kí ó wo àpótí Properties lápá òsì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ nọ́ńbà tó kéré jù kúrò nínú èyí tó pọ̀ jù, kí ẹ sì fi ohun tó kù wé ohun tí ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ náà. Plọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú àti 120 ní òòró, èyí tó jẹ́ mítà 18.29 àti 36.58. Bí ó bá jẹ́ ọgbà plọ́ọ̀tì kan ni ẹ wọ̀n, tí ìyàtọ̀ náà sì jẹ́ 18 àti 36, mítà ni fáìlì yín. Bí ó bá jẹ́ 60 àti 120, ẹsẹ̀ bàtà ni. Bí ó bá jẹ́ 18,290, mìlímítà ni, bí ó bá sì jẹ́ 0.000165, dígírì ni. (Èmi kò tíì mọ ìdí tí a fi ń fi ẹsẹ̀ bàtà ta ilẹ̀ tí a sì ń fi mítà yàwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wàhálà yìí ti ń bẹ̀rẹ̀.) Bí ìyàtọ̀ náà bá jẹ́ nọ́ńbà tí kò jọ èyíkéyìí nínú wọn, bíi 7.3, ó ṣeé ṣe kí ètò tó pa fọ́tò dírónù pọ̀ má rí nọ́ńbà GPS kankan lò, tí ó fi yan òṣùwọ̀n tó wù ú. Irú èyí kò ní òṣùwọ̀n rárá. Àfi kí ẹ padà síbi fọ́tò, kí ẹ fi àwọn àmì ilẹ̀ tí a mọ ibùdó wọn sí i.

Òṣùwọ̀n

Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ mítà 0.3048 gẹ́lẹ́, kò lé kò dín. Ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà tún ní òmíràn tí àwọn awọnlẹ̀ wọn ń lò, tó jẹ́ 1200 tí a pín sí 3937, ìyẹn mítà 0.3048006. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì jẹ́ méjì nínú mílíọ̀nù kan, kò sì lè hàn bí ẹ bá ń wọn gígùn ògiri. Àmọ́ nọ́ńbà ibùdó kì í ṣe gígùn ògiri. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìlànà ni a ti ń kà á. Bí Y bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 2,679,800, tí a sì lo ọ̀kan dípò ìkejì, gbogbo ilẹ̀ náà yóò ṣí kúrò ní ààyè rẹ̀ pẹ̀lú ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún. Amẹ́ríkà ti kéde pé ìparí ọdún 2022 ni lílo ti àwọn awọnlẹ̀ náà dópin, ṣùgbọ́n àwọn fáìlì àtijọ́ ṣì wà káàkiri, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe lọ́hùn-ún sì ṣì máa ń fi méjèèjì síwájú ẹni. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ ti Nàìjíríà, ẹ yan 0.3048.

Nínú CloudCompare, Edit, lẹ́yìn náà Multiply/Scale, ni ibi tí a ti ń ṣe é. Ẹ kọ 0.3048 sí X, Y àti Z. Ibẹ̀ ni àwọn àpótí kékeré méjì kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Èyí tó ní kí ohun náà dúró sí ààyè rẹ̀, ẹ má fọwọ́ sí i, nítorí pé yóò mú kí ilé náà súnkì láti àárín ara rẹ̀, nígbà tí nọ́ńbà ibùdó rẹ̀ ṣì wà ní ẹsẹ̀ bàtà. Èyí tó ní kí a sọ iye ìyọkúrò, Global Shift, di pípọ̀ pẹ̀lú ìlọ́po kan náà, ẹ fọwọ́ sí i, bí fáìlì náà bá ní ìyọkúrò. Mo máa ṣàlàyé ìyọkúrò yìí láìpẹ́.

Kí ẹ tó tẹ OK, ẹ wo Z lọ́tọ̀. Kò ṣọ̀wọ́n kí X àti Y wà ní mítà, kí Z sì wà ní ẹsẹ̀ bàtà, tàbí kí ẹnì kan ti tún Z ṣe kí fáìlì tó dé ọwọ́ yín. Ẹ wá ohun kan tí ẹ mọ gíga rẹ̀ nínú àwọn àmì náà, bíi ilẹ̀kùn, tí kì í sábà jìnnà sí mítà 2.1, kí ẹ wọ̀n ọ́n láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí ó bá jẹ́ 6.9, ẹsẹ̀ bàtà ni. Bí ó bá jẹ́ 0.64, wọ́n ti sọ ọ́ di mítà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ti ilé ìyàwòrán, mìlímítà ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ilé ń lò, nítorí náà ìlọ́po 1000 ni ẹ ó máa rí lọ́dọ̀ wọn. Ẹ má torí èyí sọ point cloud di mìlímítà. Nínú AutoCAD, `INSUNITS` ló ń sọ òṣùwọ̀n àwòrán: 6 ni mítà, 4 ni mìlímítà, 2 ni ẹsẹ̀ bàtà. Bí àwòrán bá sọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀, tí point cloud náà sì sọ tirẹ̀, ètò náà yóò ṣe ìṣirò fúnra rẹ̀. Ibi tí ó ti ń kọsẹ̀ ni ibi tí ọ̀kan nínú wọn kò ti sọ nǹkan kan, èyí sì wà lọ́wọ́ irú fáìlì tí ẹ yàn. Ìlànà E57 pa á láṣẹ pé mítà ni. LAS àti LAZ ń gbé ìlànà ibùdó pọ̀ mọ́ra, òṣùwọ̀n sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n PLY, OBJ, STL àti XYZ kò ní ààyè tí gbogbo ètò mọ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá di dandan, ẹ kọ òṣùwọ̀n sínú orúkọ fáìlì, bíi `ile_mita_utm31.ply`, ó lè jọ iṣẹ́ ọmọdé, àmọ́ ó ti gbà mí lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ìpè.

Nọ́ńbà ńlá àti ìyọkúrò

Ọ̀pọ̀ ètò tó ń fi àwòrán hàn ń pa nọ́ńbà mọ́ sínú bíìtì 32 pẹ̀lú désímà, èyí tí kò lè rántí ju bíi díjíìtì méje lọ. Bí nọ́ńbà bá jẹ́ 816,800.123, díjíìtì mẹ́fà ti tán kí ó tó dé ibi désímà. Ní ààyè tí X àti Y Ìbàdàn wà yìí, ìṣísẹ̀ tó kéré jù tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lè gbé jẹ́ mítà 0.0625, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà lé díẹ̀. Ẹ̀rọ yín wọ̀n ọ́n dé mìlímítà, fáìlì sì tì í sórí àtẹ̀gùn tí ìṣísẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Bí ẹ bá rí ògiri tó tẹ́jú tó wá di ìlà-ìlà bí èyín ayùn, ẹ má dá ẹ̀rọ lẹ́bi; ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ ni ìyọkúrò. A ó yọ nọ́ńbà ńlá kan kúrò lára gbogbo àmì kí ohun tó kù lè kéré, a ó sì pa nọ́ńbà náà mọ́ kí a lè dá a padà nígbà tí a bá ń gbé fáìlì jáde. CloudCompare máa ń béèrè fún èyí nígbà tó bá rí nọ́ńbà tó tóbi jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń yára tẹ No kí ìbéèrè náà lè kúrò lójú wọn. Ẹ tẹ Yes, kí ẹ sì fúnra yín kọ iye kan tó rọrùn láti rántí, bíi -598000, -816000, 0. Iye kan náà ni kí ẹ lò fún gbogbo fáìlì ilẹ̀ náà. Bí ẹ bá jẹ́ kí ètò yan iye tó yàtọ̀ fún fáìlì kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì wá gbé wọn lọ sínú Blender tàbí ètò mìíràn tí kò mọ ìyọkúrò, wọn kò ní pàdé ara wọn mọ́.

Àwọn tó ń lo OpenDroneMap, ètò tí ń pa fọ́tò dírónù pọ̀, yóò rí fáìlì kékeré kan tí ń jẹ́ `coords.txt` nínú àpò `odm_georeferencing`. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ń sọ ìlànà, bíi WGS84 UTM 31N, ìlà kejì sì ni ìyọkúrò. Àwòrán ilé onífọ́tò tí ètò náà gbé jáde ti yọ iye yìí kúrò, nígbà tí LAZ rẹ̀ kò yọ ọ́; ìdí nìyẹn tí méjèèjì kì í fi bọ́ sójú kan bí a kò bá fi iye inú ìlà kejì náà kún nọ́ńbà àwòrán onífọ́tò yẹn.

LAS ní tirẹ̀ kì í pa désímà mọ́. Nọ́ńbà odidi oníbíìtì 32 ló ń pa mọ́, tí ó ń sọ di púpọ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n ìṣísẹ̀, scale, tí ó sì ń fi offset kún. Odidi tó tóbi jù tí ó lè gbé ni 2,147,483,647. Bí ìṣísẹ̀ bá jẹ́ 0.001, tí offset sì jẹ́ òdo, kò lè kọjá 2,147,483. UTM Ìbàdàn ní mítà wọlé, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ bàtà, tí Y rẹ̀ jẹ́ 2,679,800, kò lè wọlé, fáìlì yóò sì kọ̀ tàbí kí ó bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ dígírì ni ẹ ń gbé jáde, tí ẹ sì fi ìṣísẹ̀ sílẹ̀ sí 0.01, àmì méjì tí kò jìnnà síra tó kìlómítà kan lè di ọ̀kan náà, gbogbo plọ́ọ̀tì yín sì lè di ẹyọ àmì kan. Fún dígírì, 0.0000001 ló yẹ fún X àti Y. Fún mítà, 0.001 tó. Nínú PDAL, ẹ fi `--writers.las.offset_x=auto` àti ti Y àti Z kún àṣẹ yín. Bí fáìlì bá ti pàdánù díjíìtì rẹ̀ lọ́nà èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí, kò sí oògùn tó lè dá a padà. Ojúlówó fáìlì ni kí ẹ lọ gbé.

Minna, WGS 84 àti ìpín ilẹ̀

Ibí yìí ni àṣìṣe ti ń náni lówó, nítorí pé kì í hàn lójú. Ìwé ilẹ̀ Nàìjíríà púpọ̀ dúró lórí datum Minna (datum ni ìpìlẹ̀ tí a ti ń ka ibùdó), tó ń lo àwòṣe ayé Clarke 1880, nígbà tí GPS inú dírónù ń lo WGS 84. Méjèèjì ní UTM ìpín 31, nọ́ńbà wọn sì jọra bí ìbejì, ṣùgbọ́n ní agbègbè Ìbàdàn, ìyàtọ̀ wọn lé ní ọgọ́rùn-ún mítà. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni ẹ ó fi mọ̀ wọ́n: EPSG:26331 ni Minna UTM ìpín 31, EPSG:32631 ni ti WGS 84, EPSG:26391 sì ni Nigeria West Belt.

Iṣẹ́ méjì wà tí orúkọ wọn jọra, tí kò sì yẹ kí a gbé ọ̀kan fún èkejì. Èkíní ni kí a sọ fún fáìlì ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, láìfọwọ́ kan nọ́ńbà kankan, bí ìgbà tí a kọ orúkọ sí ara àpò tí kò ní orúkọ. Èkejì ni kí a yí nọ́ńbà fúnra wọn padà láti ìlànà kan sí òmíràn. Ẹni tó ní fáìlì Minna, tó sì kan kọ EPSG:32631 sí i lára, kò tún nǹkan kan ṣe. Orúkọ èké ló fún un. Ohun tó yẹ ni:

`pdal translate minna.laz wgs.laz reprojection --filters.reprojection.in_srs=EPSG:26331 --filters.reprojection.out_srs=EPSG:32631 --writers.las.scale_x=0.001 --writers.las.scale_y=0.001 --writers.las.scale_z=0.001 --writers.las.offset_x=auto --writers.las.offset_y=auto --writers.las.offset_z=auto`

Àmọ́ ọ̀nà láti Minna sí WGS 84 kò jẹ́ ẹyọ kan. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ń fi -92, -93 àti 122 mítà kún X, Y àti Z tí a kà láti àárín ayé, ó sì lè yẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mítà. Ó tó fún ẹni tó fẹ́ rí i bóyá ojú ọ̀nà bọ́ sórí ojú ọ̀nà. Kò tó fún ààlà ilẹ̀. Fún ìyẹn, ẹ gba nọ́ńbà òpó ilẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán lọ́wọ́ sọ̀féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, ní ìlànà méjèèjì, kí ẹ sì fi wọ́n yẹ iṣẹ́ yín wò.

Ìlà òòró 6 ni ààlà àárín ìpín 31 àti 32. Ilẹ̀ Yorùbá fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú ìpín 31 tán, láti Kétu ní Bẹ̀nẹ̀ títí dé Àkúrẹ́, ṣùgbọ́n Kábà ní ìpínlẹ̀ Kogí ti kọjá ìlà náà díẹ̀, ó sì bọ́ sínú ìpín 32. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Òkun lè rí i pé fáìlì méjì láti inú ọjọ́ kan ṣoṣo jìnnà síra ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà. Ẹ yan ìpín kan fún gbogbo iṣẹ́ náà, kí ẹ sì yí èkejì padà sí i.

Bí X bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 816 tí Y sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 598, wọ́n ti pààrọ̀ ara wọn, nítorí pé àwọn awọnlẹ̀ kan máa ń kọ nọ́ńbà àríwá ṣáájú ti ìlà-oòrùn. Àpẹẹrẹ tó dájú ni pé ohun gbogbo yóò dà bí ohun tí a wò nínú dígí, pátákó ṣọ́ọ̀bù yóò sì di kíkà láti ẹ̀yìn. Bí ilé bá sùn lórí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣùgbọ́n tí pátákó ṣì ṣeé kà, kì í ṣe ìpààrọ̀ nìyẹn. Ètò tó gbé e jáde ló ka Y sí òkè. Ẹ yí i ní dígírì 90 yípo X, ó parí.

Gíga ló kù. GPS ń ka gíga láti ojú àwòṣe ayé, nígbà tí àwòrán iṣẹ́ ọ̀nà àti ti ojú àgbàrá ń kà á láti ojú òkun. Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, ìyàtọ̀ méjèèjì lé ní ogún mítà, tí ẹ ó fi rí ilẹ̀ kan ní Lẹ́kí, tí òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn, tí fáìlì ń sọ pé ó ga tó mítà 27. Àwòṣe EGM2008, tó ń sọ ibi tí ojú òkun wà, ni ọ̀pọ̀ ètò fi ń yọ ìyàtọ̀ yìí kúrò. Ìlọ́po òṣùwọ̀n kò lè tún un ṣe, nítorí náà ẹ ṣe é lẹ́yìn tí Z bá ti di mítà.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ pa ètò tí ẹ lò dé, kí ẹ fi ètò mìíràn ṣí fáìlì tí ẹ gbé jáde, nítorí pé ètò tó gbé e jáde lè máa rántí ìyọkúrò tí kò sí nínú fáìlì. Ẹ wọn ohun kan tí ẹ ti fi téèpù wọ̀n ní pápá, kí ẹ ka nọ́ńbà òpó ilẹ̀ kan, kí ẹ sì wo bóyá ó bá ìwé sọ̀féyọ̀ mu. Ẹ wá kọ fáìlì ọ̀rọ̀ kékeré kan tí yóò máa bá point cloud náà rìn: nọ́ńbà EPSG, òṣùwọ̀n, iye ìyọkúrò, àti bóyá gíga náà jẹ́ ti ojú òkun tàbí ti GPS.